Súìṣì oníbọ́ọ̀lù àti súìṣì tó ń lo probe lára bọ́ílà: èwo ni kí a yàn ní Òṣogbo?

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ń lo bọ́ílà sítíìmù ní Òṣogbo kò lè sá fún, ì báà jẹ́ ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn tó ń fi sítíìmù pa kòkòrò lára irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ, ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ, tàbí àwọn tó ń fún àdín. Lọ́jọ́ tí súìṣì tó ń ṣọ́ omi inú bọ́ílà bá kọṣẹ́, ṣé irú èyí tó wà níbẹ̀ ni kí a tún rà, àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn? Iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ọjà kò rọgbọ. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló yẹ kó ṣíwájú owó nínú ọ̀rọ̀ yìí: irú omi tí ẹ ń fà sínú bọ́ílà, bí iná mànàmáná yín ṣe ń wá tó sì ń lọ, àti ẹni tí yóò máa ṣe blow down súìṣì náà (kó ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi àti ìdọ̀tí tú jáde) láràárọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá dúró tì í. Ẹni tó bá fi òtítọ́ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan súìṣì rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ méjì péré ni súìṣì yìí ń ṣe. Bí omi bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó ń pe pọ́ǹpù kó fa omi wọlé. Bí omi bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń pa bọ́nà, ẹ̀rọ tó ń fi epo dáná sí bọ́ílà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kàn ń dín wàhálà òṣìṣẹ́ kù ni, èkejì ni ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Omi tó bo irin tí iná ń jó ni kò jẹ́ kí irin náà gbóná kọjá ààlà; bí omi bá ti kúrò lórí rẹ̀, irin yóò pọ́n, yóò rọ̀, agbára sítíìmù inú bọ́ílà yóò sì tẹ̀ ẹ́ wọnú. Èyí tó burú jù ni kí ẹnìkan wá rí i pé omi ti tán, kó sì sáré tan pọ́ǹpù. Omi tó bá bọ́ sórí irin tó ti pọ́n yóò di sítíìmù lójú ẹsẹ̀, àyè tí sítíìmù sì ń gbà ní ìta gbangba tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 àyè omi tó ti wá. Ìdí nìyí tí òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, Factories Act, fi sọ pé bọ́ílà sítíìmù gbọ́dọ̀ ní fáàfù ààbò, aago pírẹ́ṣọ̀ àti gíláàsì tí a fi ń wo omi, kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Bí oríṣi méjèèjì ṣe ń mọ̀ pé omi wà

Súìṣì oníbọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní float switch, sábà máa ń ní ilé irin tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà. Páìpù méjì ló so ilé náà mọ́ bọ́ílà: ti òkè wọ ibi tí sítíìmù wà, ti ìsàlẹ̀ wọ ibi tí omi wà, nítorí náà ibi tí omi bá dé nínú bọ́ílà ló ń dé nínú ilé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù irin tí inú rẹ̀ ṣófo ń léfòó lórí omi yìí. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń sọ̀kalẹ̀, tí ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ sì ń darí súìṣì tó wà lẹ́yìn ògiri irin. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀pá náà la ògiri kọjá láìjẹ́ kí sítíìmù jò. Nínú irú ti McDonnell & Miller, tó wọ́pọ̀ lára bọ́ílà Amẹ́ríkà, awọ irin tó ṣẹ́ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń pè ní bellows, ló di ojú ihò tó sì ń tẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nínú irú ti Mobrey, tó wọ́pọ̀ lára bọ́ílà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ihò rárá: òòfà kan wà lẹ́yìn ọ̀pá bọ́ọ̀lù nínú, òòfà mìíràn wà níta, èyí inú sì ń ti èyí ìta láìfara kàn án.

Irú kejì kò ní ohun kan tó ń mira. Ọ̀pá irin tín-ín-rín tí kì í dógùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní probe, ni wọ́n kì bọ bọ́ílà láti òkè, wọ́n sì gé gígùn rẹ̀ mọ́ ibi tí wọn kò fẹ́ kí omi lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Níbi tí ọ̀pá náà ti wọlé, ike funfun tó ń fara da ooru, PTFE, ló yí i ká kó má baà fara kan irin bọ́ílà. Àpótí kékeré kan ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú ọ̀pá. Bí ẹnu ọ̀pá bá wà nínú omi, iná yóò gba inú omi dé ara bọ́ílà, àpótí yóò sì mọ̀ pé omi wà. Bí omi bá fi ẹnu ọ̀pá sílẹ̀, iná kò rí ọ̀nà mọ́, relay, súìṣì kékeré tó wà nínú àpótí, yóò já, bọ́nà yóò sì kú. Iná AC ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe DC (irú iná ti bátìrì), nítorí DC a máa ya omi sí gáàsì lára ọ̀pá, a sì máa jẹ irin rẹ̀. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí oníná kan bá sọ pé òun lè fi bátìrì mọ́tò ṣe ọgbọ́n sí i.

Omi wa àti ẹrẹ̀ tó ń bá a wọlé

Ibí ni mo gbà pé ìpinnu wà jù, nítorí náà n ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ń ti odò Erinlẹ̀ wá kì í yọ lójoojúmọ́ ní gbogbo àdúgbò, ilé iṣẹ́ tí kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Orí àpáta ni ìlú yìí jókòó lé. Omi tó bá ti inú àpáta wá a máa gbé ohun tó ń di èèpá nígbà tí a bá sè é, òmíràn sì ní irin nínú, irú èyí tó ń sọ inú bàkẹ́ẹ̀tì di pupa. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí omi kànga bá ti fà, pọ́ǹpù a tún máa fa iyanrìn àti ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń yọ líle omi kúrò bọ́ lọ́wọ́ èèpá púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í mú ẹrẹ̀, ìpẹtà tó ń já bọ́ láti inú páìpù tó ń dá sítíìmù padà sì tún wà lọ́tọ̀.

Gbogbo ìdọ̀tí yìí ló ń wá ibi tí omi ti dákẹ́ láti jókòó sí, ibi tí omi sì ti dákẹ́ jù lọ ni ilé bọ́ọ̀lù. Mo dúró ti àwọn oníṣẹ́ nígbà tí wọ́n tú ọ̀kan ní ilé ìfọṣọ kan nílùú yìí lẹ́yìn ọyẹ́. Bọ́nà ń tàn dáadáa, pọ́ǹpù ń dáhùn, kò sí ẹni tó fura sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n tú bóòtù tí wọ́n sì fa orí súìṣì náà jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti kún ìsàlẹ̀ ilé náà débi pé bọ́ọ̀lù jókòó lé e bí ẹyin nínú ìtẹ́, ẹnu páìpù ìsàlẹ̀ sì ti há débi pé ìka ọmọńdinrín kò lè wọ̀ ọ́. Bàbá tó ń bójú tó bọ́ílà náà fi ṣíbí bu ú sínú agolo, ó wò ó, ó ní: “Ẹ ò rí i pé bí omi tán pátápátá, bọ́ọ̀lù yìí ò ní mọ̀.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ń ṣe blow down bọ́ílà fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fáàfù kékeré tó wà lábẹ́ ilé bọ́ọ̀lù kò sí lórí ìwé iṣẹ́ wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ṣí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé páìpù òkè tó dí léwu bíi ti ìsàlẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá dí, sítíìmù tó ń gba òkè wọlé yóò máa di omi nínú ilé bọ́ọ̀lù, omi náà kò ní rí ibi jáde, bọ́ọ̀lù yóò sì máa gòkè. Bí ti òkè bá dí, sítíìmù tó há sínú ilé náà yóò tutù di omi, àyè tó fi sílẹ̀ yóò sì fa omi gòkè láti ìsàlẹ̀. Irọ́ kan náà ni méjèèjì ń pa: wọ́n ń sọ pé omi pọ̀ nígbà tí kò pọ̀. Bí gíláàsì omi bá sì wà lórí páìpù kan náà pẹ̀lú ilé bọ́ọ̀lù, yóò bá wọn pa irọ́ ọ̀hún. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ra oníbọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wo páìpù kó tó wo súìṣì. Kí páìpù méjèèjì má ṣe dín ní íǹṣì kan ní fífẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀, kí wọ́n lo ìsopọ̀ alágbèélébùú tí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì dí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ẹlíbò, kí a lè yọ púlọ́ọ̀gì náà kí a sì fi irin gbọn páìpù já lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fáàfù tí ẹnìkan lè ṣèèṣì tì kò gbọdọ̀ wà láàárín.

Probe ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn nínú omi kan náà. Èèpá tó bá bo ọ̀pá rẹ̀ kì í gbé iná, nítorí náà probe tó dọ̀tí a máa rò pé omi ti tán, a sì pa bọ́nà. Ìyọnu nìyẹn, kì í ṣe ewu. Òkè ni ewu tirẹ̀ wà, lára ike PTFE. Bí ìdọ̀tí tútù bá so ọ̀pá pọ̀ mọ́ ara bọ́ílà níbẹ̀, tàbí tí ike náà là tí sítíìmù wọ̀ ọ́, iná yóò gba ibẹ̀ kọjá, àpótí yóò sì gbà pé omi wà bó tilẹ̀ ti tán. Àwọn probe kan wà tí wọ́n ṣe láti máa yẹ ara wọn wò fún irú àṣìṣe yìí, wọ́n sì wọ́n ju ti lásán lọ. Fún iṣẹ́ pípa bọ́nà, irú wọn ni ó tọ́. Ìfófó náà ń tàn án: bí ohun tó yọ́ sínú omi bọ́ílà bá pọ̀ jù, omi náà yóò máa ru, ìfófó rẹ̀ yóò sì gbé iná dé ẹnu ọ̀pá. Nínú bọ́ílà oní-shell (èyí tí omi rẹ̀ wà nínú àgbá irin ńlá kan), irú tó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, TDS omi, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó yọ́ sínú rẹ̀, kì í sábà yẹ kó kọjá 2,000 sí 3,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), ẹni tí kò bá sì ní ohun tó fi ń wọn èyí kò tíì yẹ ní ẹni tó ń gbé ọkàn lé probe.

Ní òdìkejì, omi tó mọ́ jù kò gbé iná dáadáa. Ilé ìwòsàn tó ń fi omi RO (omi tí ẹ̀rọ ti sẹ́ títí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán) ṣe sítíìmù lè rí i pé probe lásán kò rí omi náà rárá. Bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kò bìkítà fún ohun tó yọ́ sínú omi tàbí èyí tí kò yọ́ sí i. Kó ṣáà ti lè gbé e sókè.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ibùdó tí wọ́n ti ń darí gbogbo wáyà iná ńlá orílẹ̀-èdè yìí, National Control Centre, wà ní Òṣogbo níbí. A kò jèrè rẹ̀ ní ti pé kí iná wa má já, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Súìṣì inú oníbọ́ọ̀lù kì í ju ojú irin méjì tó ń kan ara, tó sì ń fi ara sílẹ̀. Iná tó bá kéré tàbí tó bá ga lójijì kò rí nǹkan púpọ̀ bàjẹ́ níbẹ̀. Àpótí probe ní páálí ẹ̀rọ nínú, páálí náà sì ni iná tó bá padà dé pẹ̀lú agbára ń kọ́kọ́ jó. Ẹni tó bá máa lo probe gbọ́dọ̀ fi owó stabilizer àti ohun tó ń gba iná òjijì dúró kún iye tó ń náwó lé lórí, kó sì ní àpótí kan nílẹ̀ tí kò tíì lò, nítorí kò dájú pé yóò rí i rà nílùú yìí lọ́jọ́ tó bá jó.

Wáyà ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní earth, ṣe pàtàkì fún probe ju bí ọ̀pọ̀ oníná ṣe rò lọ. Ara bọ́ílà ni iná probe ń gbà padà. Bí earth bá já, tàbí tí a bá yí sórí jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò so earth rẹ̀ dáadáa, àpótí lè máa tàn kó máa kú láìsí ìdí tí a lè rí.

Ní ti kí iná lọ pátápátá, kò sí ìyàtọ̀: bọ́nà yóò kú lọ́nà méjèèjì. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Súìṣì tó ń pe pọ́ǹpù lè padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń pa bọ́nà nítorí omi tó tán kò gbọdọ̀ padà fúnra rẹ̀. Kó jẹ́ irú tí ènìyàn ní láti fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì reset rẹ̀, kí ẹni náà lè kọ́kọ́ wo gíláàsì.

Àmì àìsàn àti ibi tí ẹ ó wò

Bí bọ́nà bá kọ̀ láti tàn nígbà tí gíláàsì ń fi omi hàn, tó sì jẹ́ oníbọ́ọ̀lù, ó lè jẹ́ pé súìṣì ti já lóru tó ń retí kí ẹnìkan tẹ reset. Ẹ wádìí ohun tó já a kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù ti lu, kí omi wọ̀ ọ́, kó sì ti rì. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù títí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ yóò fi dé òdo, ẹ yọ bọ́ọ̀lù náà, ẹ gbọ̀n ọ́n létí. Bí omi bá dún nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí kò bá dún tí ẹ sì ń fura síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fẹ̀, ẹ ó sì rí i tó ń hó jáde níbi tí ihò wà. Ẹ má ṣe gbé bọ́ọ̀lù tó lu lọ fún wẹ́dà. Omi tó kù nínú rẹ̀ yóò di sítíìmù lábẹ́ iná rẹ̀, ó sì lè bú mọ́ ọn lójú. Bí kò bá bú, irin tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti sọ ọ́ di wíwúwo, kò sì ní léfòó dé ibi tó yẹ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ probe ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí oníná tó mọṣẹ́ yọ wáyà kúrò lórí ọ̀pá, kó sì fi kan ara bọ́ílà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé epo kò lè dé bọ́nà. Bí àpótí bá gbà pé omi wà, àpótí sàn, ọ̀pá ló dọ̀tí. Bí kò bá gbà, wáyà tàbí àpótí ni kó dojú kọ. Wáyà tó wà nítòsí bọ́ílà a máa gbẹ, a sì máa ṣẹ́, nítorí náà ẹ má fi wáyà ilé lásán so ó.

Pọ́ǹpù tí kò dúró jẹ́ àmì mìíràn. Nínú ilé ìfọṣọ, ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nígbà tí aṣọ tó yẹ kó gbẹ bá ń ti ẹ̀rọ ìlọṣọ jáde pẹ̀lú omi, nítorí bọ́ílà ti kún débi pé omi ń bá sítíìmù lọ. Bọ́ọ̀lù tó rì ló sábà ń fà á, tàbí ojú súìṣì tó ti jó tó sì lẹ̀ mọ́ ara. Nínú irú ti òòfà, ìpẹtà wẹ́wẹ́ tí òòfà ti kó jọ lè há ọ̀pá mọ́ ibi kan. Bọ́nà tó ń tàn tó ń kú lemọ́lemọ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi súìṣì. Omi tó ń ru ni ẹ ó wò, tàbí sítíìmù tí gbogbo ẹ̀rọ ń fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmì tó kù ni èyí tí kò gba àrọ̀jinlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí omi nínú gíláàsì tí bọ́nà sì ń jó, ẹ pa epo àti iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tan pọ́ǹpù. Ẹ má ṣe ṣí fáàfù ààbò. Ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ní àṣẹ àyẹ̀wò sì wò ó kó tó tún rí iná. Àti pé ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá, tí wọ́n ń so wáyà méjì súìṣì pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn ti “ṣe é ní direct” kí iṣẹ́ ọjọ́ náà má baà dúró, mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, n kò sì ní ọ̀rọ̀ rírọ̀ fún un. Ẹni tó bá ṣe é ti yọ olùṣọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn inú yàrá bọ́ílà ní.

Ìdánwò ojoojúmọ́ àti ìdánwò gidi

Blow down ilé bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ fún bọ́ílà tó ń gbé pírẹ́ṣọ̀, ibi tí òṣìṣẹ́ bá sì ń pààrọ̀ ara wọn, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ tún un ṣe. Kí bọ́nà máa jó níwọ̀nba. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀ 7 bar, omi tó ń jáde gbóná tó nǹkan bí 170°C. Ẹ ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ ilé bọ́ọ̀lù títí omi yóò fi mọ́. Bọ́nà gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó tì í.

Ìdánwò yìí ń fọ ilé bọ́ọ̀lù, ó sì ń fi hàn pé wáyà àti súìṣì wà láàyè. Kò fi hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó ń tú jáde tipátipá ń fa bọ́ọ̀lù lulẹ̀, kódà bọ́ọ̀lù tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń há, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá kú, díẹ̀díẹ̀ ni omi yóò máa lọ sílẹ̀, kò sì ní sí agbára kankan tó ń fà á. Ìdí nìyí tí ìdánwò kejì fi wà, tí ẹni tó mọ bọ́ílà náà dunjú gbọ́dọ̀ máa darí. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ dín bọ́nà kù, kí bọ́ílà máa lo omi rẹ̀ bó ṣe ń ṣe sítíìmù. Kí ẹnìkan má gbé ojú kúrò lára gíláàsì, kí ọwọ́ ẹlòmíràn sì wà lórí bọ́tìnnì tó ń pa bọ́nà. Súìṣì gbọ́dọ̀ pa bọ́nà nígbà tí omi ṣì hàn nínú gíláàsì. Bí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ gíláàsì láìjẹ́ pé bọ́nà kú, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ má sì lo bọ́ílà náà títí ẹ ó fi tú súìṣì wò.

Probe náà nílò ìdánwò díẹ̀díẹ̀ yìí. Ibí ni mo ti rí àléébù rẹ̀ tó tóbi jù, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ: nítorí pé ọ̀pọ̀ probe wà nínú bọ́ílà fúnra rẹ̀, tí kò ní ilé tí a ń ṣe blow down, àwọn òṣìṣẹ́ a máa gbà pé kò nílò ohunkóhun. Bọ́ọ̀lù ń fi ipá mú ènìyàn láti fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá yan oníbọ́ọ̀lù

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ẹ má wo ìrísí. McDonnell & Miller No. 67 kò gbọdọ̀ kọjá pírẹ́ṣọ̀ 20 psi, No. 150 sì dé 150 psi. Nínú ọjà tòkunbọ̀, ọ̀dà tuntun lè mú kí ẹni tí kò mọṣẹ́ ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bọ́ọ̀lù tí a ṣe fún 20 psi lè fọ́ wọnú lára bọ́ílà tó ń ṣiṣẹ́ ní 100.

Láàárín bellows àti òòfà, mo fara mọ́ òòfà níbi tí omi bá ti mọ́, nítorí kò sí awọ tó lè là kó sì jò. Níbi tí irin bá pọ̀ nínú omi, bellows sàn jù. Òòfà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ rẹ̀ àti ìpẹtà.

Súìṣì àtijọ́ púpọ̀ ní gíláàsì kékeré tí makúrì wà nínú rẹ̀, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Ó ń pẹ́ gan-an, kì í sì í jó bí ojú irin, ṣùgbọ́n makúrì jẹ́ májèlé, àdéhùn àgbáyé lórí makúrì, àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, sì fi 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe àti kíkó irú súìṣì bẹ́ẹ̀ wọ̀lú, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Bí èyí tó wà lára bọ́ílà yín bá jẹ́ onímakúrì, ẹ má tú u fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láti fi ṣeré, ẹ sì fi oní-microswitch (súìṣì kékeré olójú irin) rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún un ṣe. Bí èyí tí wọ́n ń tà fún yín bá jẹ́ onímakúrì, ẹ dá a padà.

Èwo ni mo máa yàn

Ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ tàbí ibi ìfún àdín tó ń fa omi kànga lásán, tí iná rẹ̀ kò dúró, tó sì ní òṣìṣẹ́ kan tó gbọ́n tó sì ń tètè dé: oníbọ́ọ̀lù, pẹ̀lú páìpù tó ṣeé gbọn. Bí kò bá sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, oníbọ́ọ̀lù kò yẹ níbẹ̀, kódà bó bá dínwó. Kí wọ́n wá owó probe tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún omi ṣe. Ilé ìwòsàn tó ń lo omi RO: oníbọ́ọ̀lù, tàbí probe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lè rí irú omi bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi rírọ̀, stabilizer tó dára àti oníná tirẹ̀: probe yóò dín iṣẹ́ wọn kù.

Ṣùgbọ́n bí owó bá wà fún méjì, kò yẹ kí a tún máa bèèrè èyí tó dára jù. Bọ́ílà kan kò yẹ kó gbé ara lé súìṣì kan ṣoṣo fún ẹ̀mí ènìyàn. Èrò tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni pé kí méjèèjì má ṣe jẹ́ irú kan náà: kí bọ́ọ̀lù máa pe pọ́ǹpù, kó sì máa pa bọ́nà ní ìpele àkọ́kọ́, kí probe aláyẹ̀wò-ara-ẹni sì wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ní ihò tirẹ̀, tí kò sí lórí páìpù bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú reset ọlọ́wọ́. Ẹrẹ̀ tó bá mú bọ́ọ̀lù kò ní mú probe lọ́nà kan náà, iná tó bá jó àpótí kò ní ṣe bọ́ọ̀lù ní nǹkan. Bọ́ọ̀lù méjì tó ń mu nínú páìpù kan yóò dí lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó so wọ́n, ẹ ní kó fi hàn yín, bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ń pa bọ́nà ní tirẹ̀, kó sì tún un ṣe fún probe nìkan, kí omi tó fi gíláàsì sílẹ̀.